Èéfín inú yàrá yín: ta ló ń kà á, báwo ló sì ṣe ń kà á?

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ kì í jẹ́ kí abala ìlera yìí fò yín dá, ọ̀rọ̀ èéfín la fẹ́ jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe èéfín mọ́tò tó ń rú lójú títì, kì í sì í ṣe ti àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran àti Ògbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a óò kàn wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó parí. Èyí tó wà nínú yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn ni mo ní lọ́kàn, èyí tó wà nínú kíṣìnnì, àti èyí tó máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá lálaalẹ́. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a kì í rí i mọ́.

Tí ìyá kan bá gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá sọ́dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú ohun tí a máa ń béèrè ni pé kí ni wọ́n fi ń dáná nílé. Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Gáàsì ni, Nọ́ọ̀sì." Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, tẹ́ ẹ bi í pé ẹ̀wà ńkọ́, kí ló fi ń sè é, ẹ óò gbọ́ pé ẹ̀wà àti ṣàkì máa ń jẹ gáàsì jù, èédú ló fi ń sè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá tún bi í pé tí gáàsì bá tán kí owó oṣù tó wọlé ńkọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní sítóòfù kẹrosíìnì ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Kò purọ́ o. Gáàsì ló fi ń dáná lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ rẹ̀ kò mọ èyí tó jẹ́ olórí àti èyí tó jẹ́ ìgbákejì, gbogbo rẹ̀ ló ń fà símú. Ẹ fi ìdáhùn ìyá yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Àjọ ìlera àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé èéfín inú ilé ló ṣokùnfà ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn káàkiri àgbáyé lọ́dún 2020, àti pé ó lé ní 237,000 nínú wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Òtútù àyà ló ń pa ọ̀pọ̀ àwọn ọmọdé náà. Ní ti àwọn àgbà, àrùn ọkàn ni, àrùn rọpárọsẹ̀ ni, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, àti àrùn tó máa ń dínà mọ́ èémí títí tí èèyàn kò fi ní í lè rìn dé ẹnu géètì láì sinmi. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á béèrè pé ta ló kà wọ́n. Ìbéèrè gidi ni. Èmi ò tíì rí ìwé ẹ̀rí ikú kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èéfín ìdáná ló pa olóògbé. Kò sì sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ wá sí yàrá yín ní Dòpẹ̀mú tàbí Ọ̀rílé Agége láti wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀?

Ẹ wo alásè tí wọ́n gbé òde èèyàn 500 fún. Kì í lọ kan ilẹ̀kùn àlejò kọ̀ọ̀kan láti béèrè bí ikùn rẹ̀ ṣe tó. Ó ti ṣe òde púpọ̀ rí, ó mọ iye abọ́ tí kóńgò ìrẹsì kan máa ń bù. Á wá bi olóde ní ìbéèrè díẹ̀: ṣé àwọn ọ̀dọ́ ló máa pọ̀ ni àbí àwọn àgbà? Ṣé ẹ óò fún wọn ní mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀? Ṣé ọ̀sán ni àbí alẹ́? Lẹ́yìn náà ló máa jókòó ṣírò. Ìṣirò rẹ̀ lè má bọ́ sí i géérégé, àmọ́ kì í jìnnà.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣírò èéfín ọ̀kẹ́ àìmọye ilé náà nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí ilé díẹ̀, bóyá ọgọ́rùn-ún mélòó kan, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kọ́ sínú kíṣìnnì fún odidi ọ̀sán àti òru kan. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fi ń dáná níbẹ̀ sílẹ̀, bóyá inú ilé ni wọ́n ti ń dá a tàbí ìta, iye wákàtí tí iná fi ń jó, àti bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé sí. Wọ́n á wò ó pé èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí èéfín pọ̀, èwo ló ń dín in kù. Tí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, wọn ò nílò láti wọ gbogbo ilé mọ́. Wọ́n á mú ìwádìí tí ìjọba ti ṣe, níbi tí wọ́n ti bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé léèrè ohun tí wọ́n fi ń dáná, wọ́n á sì fi ìṣirò kún èyí tó kù. Àwòṣe ni wọ́n ń pe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kó lè dúró fún ilé gidi.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Kirk Smith, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Berkeley, tó kú lọ́dún 2020. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wọ ilé ìdáná àwọn obìnrin ìgbèríko ní Íńdíà láti nǹkan bí ọdún 1981, nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ àti mọ́tò nìkan ni ọ̀rọ̀ èéfín. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Kalpana Balakrishnan ti ìlú Chennai wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Ilé 617 ni wọ́n wọ̀n ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní Íńdíà, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ṣírò ti gbogbo ilé tó ń fi igi, èédú tàbí ìgbẹ́ màlúù dáná lórílẹ̀-èdè náà. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni eruku èéfín tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní PM2.5. Ó kéré débi pé tẹ́ ẹ bá to bíi 30 nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n tó fẹ̀ tó ìrun orí kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí irun imú kò fi lè dá a dúró, tó sì ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ìṣirò wọn fi hàn pé ní kíṣìnnì, ó máa ń tó máíkírógíráàmù 450 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24, ó sì máa ń tó 113 ní yàrá tí wọ́n ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2021 fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ lè fi wéra: 15 ni.

Ibi tó ti kàn wá ni pé nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò àrùn gbogbo àgbáyé fún ọdún 2010, ilé ìdáná Íńdíà yìí ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Wọ́n ní obìnrin tó ń fi igi dáná ń fa nǹkan bíi 337 símú, ọmọdé 285, ọkùnrin 204. Ìyẹn ni pé ìyá tó ń yan ẹja ní Agége àti èyí tó ń se ọbẹ̀ ní Tamil Nadu, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Mi ò bá wọn jà, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn nìyẹn, wọ́n sì ti ń fi èsì láti orílẹ̀-èdè mìíràn kún un látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ rántí ìyá ọmọ tó ní gáàsì lòun fi ń dáná. Lórílẹ̀-èdè yìí, àjọ National Population Commission máa ń ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìlera ìdílé lóòrèkóòrè. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 dé ilé tó lé ní 40,000. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi onílé ni pé irú ohun wo ni ẹ fi ń dáná jù, àti pé ṣé inú ilé lẹ ti ń dá a, àbí ilé ọ̀tọ̀, àbí ìta. "Jù" ni wọ́n sọ. Ìyá yìí á dáhùn pé gáàsì ni, wọ́n á kọ ilé rẹ̀ mọ́ àwọn ilé tó mọ́ tónítóní, kọ̀ǹpútà á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èédú tó fi ń se ẹ̀wà ní ọjọ́ Sátidé kò ní sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹrosíìnì ìparí oṣù. Tí wọ́n bá wá yà sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe tijú, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ẹ gbé téèpù, ká wọn yàrá

Lọ́dún 2014, WHO fẹ́ sọ irú sítóòfù tí kò ní pa èèyàn lára tí wọ́n bá tàn án nínú ilé. Ilé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n tún lò. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi kíṣìnnì sínú ẹ̀, kékeré àti ńlá, àmọ́ èyí tó wà láàárín wọn jẹ́ kúbíìkì mítà 30, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń pààrọ̀ tán pátápátá nígbà 15 ní wákàtí kan, iná sì ń jó níbẹ̀ fún wákàtí 4 lóòjọ́. Ohun mẹ́rin péré ni ìṣirò náà ń béèrè: kí ló ń jó, ó ń jó fún ìgbà wo, báwo ni yàrá ṣe tóbi tó, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀? Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tí ìyá àgbà tí kò kàwé kò lè dáhùn.

Ẹ wọn yàrá kan nínú ilé "face-me-I-face-you" tí gbogbo wa mọ̀. Ká ní ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10, tí òrùlé sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, 1,080 ni, tẹ́ ẹ bá yí i padà, kúbíìkì mítà 30 ni, pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Ẹ ò rí i? Ìwọ̀n kíṣìnnì WHO gan-an ni, kíṣìnnì nìkan o! Ní tiwa, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ló ń sùn nínú ẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, firíìjì àti àpótí aṣọ tí wọ́n tò dé òrùlé.

Ìwọ̀n yàrá bá ara mu, àmọ́ ti afẹ́fẹ́ kò bá ara mu rárá. Ìgbà 15 ní wákàtí kan túmọ̀ sí pé gbogbo afẹ́fẹ́ inú yàrá ń jáde, òmíràn sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ wo fèrèsé yín. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti di mọ́ ọn, eruku sì ti dí ojú nẹ́ẹ̀tì. Kọ́tíìnì wà lórí ẹ̀. Wọ́n gbé wọ́dúróòbù dí ìdajì rẹ̀, nítorí kò síbòmíràn tí wọ́n lè gbé e sí. Ilẹ̀kùn ńkọ́? Wọ́n ti tì í nítorí olè. Tí afẹ́fẹ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá ń pààrọ̀ ní ìgbà 3 péré ní wákàtí kan, èéfín tí sítóòfù kan náà máa kó jọ síbẹ̀ máa di ìlọ́po 5. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, tí iná sì pẹ́ lórí, ó ń lọ sí ìlọ́po 15. Ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe idán.

Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè gbà mọ bí yàrá yín ṣe ń mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òṣùwọ̀n àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ẹ din àlùbọ́sà díẹ̀, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ rán ọmọ kan jáde lọ ṣeré fún 20 ìṣẹ́jú kó tó padà wọlé. Imú tẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, òórùn náà ti mọ́ ọn lára. Nínú ilé kọ̀ǹpútà WHO, ohun tó máa kù nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, ó lé ní ìdá 70 tó ṣì máa wà níbẹ̀. Tí ọmọ bá wọlé tó ní, "Màmá, àlùbọ́sà lẹ̀ ń dín?", ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Kọ́ìlì tẹ́ ẹ fi ń lé ẹ̀fọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fò wá. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2003, lórí àwọn kọ́ìlì tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà àti Màléṣíà, rí i pé eruku tín-ín-tín tó ń jáde lára kọ́ìlì kan ṣoṣo tó jó tán tó ti sìgá 75 sí 137. Bàbá tí kò jẹ́ fa sìgá láyé rẹ̀ ni wọ́n tan án sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì fún, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sùn tì í. Àpò ẹ̀fọn tí wọ́n ń ta lórí bẹ́ẹ̀dì sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò rí nínú ilé wa

Ilé inú kọ̀ǹpútà dá dúró ni. Sítóòfù onílé nìkan ló ń rú èéfín síbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó dé lọ́dún 1967, ni iléeṣẹ́ ti ń dé síbẹ̀. Lọ́dún 1962 ni Guinness ṣí iléeṣẹ́ ọtí tirẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Ọba C.D. Akran ti Àgbádárìgì, tó ṣe mínísítà nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n sì fi pe títì tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ibi tí iṣẹ́ bá wà, ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ máa ń wá yàrá sí, àwọn lánlọ́ọ̀dù sì kọ́ ọ fún wọn: yàrá mẹ́wàá tàbí méjìlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, sítóòfù lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń lo gáàsì nìkan, tí kò ra èédú rí, ń fa ti aládùúgbò mẹ́sàn-án símú. Èmi gbà pé ibi tí ìṣirò àgbáyé ti kéré sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí.

Afẹ́fẹ́ ìta náà tún wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tí Báǹkì Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020 ṣírò pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ìta ní Èkó ló ṣokùnfà ikú àìtọ́jọ́ èèyàn bíi 11,200 lọ́dún 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mọ́tò, iléeṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ pé ó ń fà á. Nítorí náà, ìmọ̀ràn "ẹ ṣí fèrèsé" tí gbogbo ènìyàn máa ń gbà yín kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá ẹ̀yìn yàtọ̀ sí èyí tó kọjú sí títì níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá ń gbé lójú títì, ẹ ṣí ti ẹ̀yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń dáná, kẹ́ ẹ sì ṣí ti iwájú láàárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ìgbà tí iná bá ń jó nínú ilé ni kò gbọdọ̀ sí àríyànjiyàn, ẹ ṣí gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣí, nítorí èéfín tó wà lẹ́bàá yín nígbà náà pọ̀ ju ti títì lọ.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló burú jù. Èyí kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti bálíkónì. Yàtọ̀ sí èéfín tí ojú ń rí, gáàsì olóró kan wà tó ń jáde lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa, tó yẹ kó máa gbé atẹ́gùn káàkiri ara, máa ń dì mọ́ gáàsì yìí ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń dì mọ́ atẹ́gùn lọ. Ẹni tó ń sùn kò ní jí láti sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Ìdílé tí wọ́n jọ jẹun alẹ́ tán, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n má baà jí i gbé, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ilẹ̀kùn: ẹ ti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Èédú náà ń tú gáàsì kan náà jáde, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kẹ́yin ìyá àgbà tẹ́tí sí. Nígbà òjò tàbí ọyẹ́, a máa ń gbé sítóòfù èédú wọ yàrá ìyá ìkókó kí ara wọn lè móoru. A máa ń dúró kí èéfín ẹ̀ tán kí ẹ̀yinná pọ́n kó tó wọlé, a sì rò pé a ti ṣe é dáadáa. Èéfín ló tán, carbon monoxide kò tán. Ẹ̀yinná tó pọ́n dáadáa tí kò rú èéfín kankan ṣì ń tú u jáde. Aṣọ òtútù, fìlà, àti àyà ìyá rẹ̀ ló yẹ ká fi mú ọmọ móoru. Omi gbígbóná náà, ẹ gbé e kaná níta.

Báwo lẹ óò ṣe mọ̀ pé gáàsì yìí ló ń ṣe yín? Orí á máa fọ́ yín, òòyì á máa kọ́ yín, èébì á máa gbé yín, ara á sì wúwo. Ibà la máa ń pè é, a ó sì lọ ra oògùn ibà. Ṣùgbọ́n ibà kì í sábà mú gbogbo ará ilé pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Tí orí bá ń fọ́ bàbá, ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn kò gbóná, tó sì ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá jáde sí gbangba, èéfín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà pé jẹnẹrétọ̀ tàbí èédú wà nítòsí yín lálẹ́, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fi há ìka láti wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé kò sóhun tó ń ṣe yín, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gáàsì yìí àti atẹ́gùn.

Ẹ̀rí láti Ìbàdàn

Kí ẹnì kan má baà sọ pé Íńdíà àti Amẹ́ríkà nìkan la ń dárúkọ, wọ́n ti ṣe ìwádìí kan nílé wa níbí. Àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade wà lára wọn, kó aláboyún 324 tó ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná jọ ní Ìbàdàn. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí apá kejì máa bá tiwọn lọ. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2017, nínú ọgọ́rùn-ún aláboyún tí wọn kò pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń dáná, 6.4 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú àwọn tó lo ẹtánọ́ọ̀lù, 1.9 ni. Ẹni tó bá ti rí aláboyún tí gìrì ẹ̀jẹ̀ ríru mú rí mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Kẹrosíìnì tí a rò pé ó mọ́ ju igi lọ wà nínú ẹjọ́ yìí o. WHO sì ti sọ látọdún 2014 pé àwọn kò fẹ́ kí èèyàn máa lò ó nínú ilé.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa sọ. Owó gáàsì ti ga jù. Òótọ́ ni, èmi náà ń rà á. Ẹni tí kò bá lè kúrò lórí èédú pátápátá, kó gbé e jáde sí àgbàlá, kó sì rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́ kó má baà pẹ́ lórí iná. Ìdérí ìkòkò náà ń dín wákàtí ìdáná kù. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ń dáná, nítorí ọmọ ìkókó máa ń mí tó ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí àgbà kì í ju 20 lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá fà símú lẹ́ẹ̀kan, òun ti fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà tí àyà máa ń há, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sí yàrá tó sún mọ́ kíṣìnnì nítorí pé ibẹ̀ ló móoru.

Tí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ká aṣọ àyà rẹ̀ sókè nígbà tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá tíì pé oṣù 2, tó mí tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Láti oṣù 2 sí oṣù 12, 50 ni. Láti ọdún 1 sí ọdún 5, 40 ni. Bákan náà ni tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí. Ẹ má fi àgúnmu tàbí òróró dá ìyẹn dúró.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 20 ló yẹ kó jìnnà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síta. Nínú ọgbà tí ilé fara kan ilé, ibo ni wọ́n ti máa rí ẹsẹ̀ bàtà 20? Ìpàdé ayálégbé ló lè yanjú èyí, kì í ṣe ìjà ẹnu ọ̀nà. Ẹ yan igun kan lẹ́yìn ilé, ẹ fi irin kọ́ àgò sí i kí olè má baà gbé e, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò lórí aago tí gbogbo yín máa pa á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn kó wà lórí.

Tẹ́ ẹ bá sì já ilẹ̀kùn ẹnì kan láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá a nílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wọlé lọ jókòó tì í. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ di èémí yín mú, ẹ wọ́ ọ jáde sí gbangba, kẹ́ ẹ tó pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà méjèèjì kì í gba owó l'Ékòó. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá gbé e ni pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n gbé atẹ́gùn dání.